Wọ́n Fi Iṣẹ́ Jákujàku De Ẹ́ńjìnì Mọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ojú Omi Yín? Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Yanjú Ẹ̀ Nìyí

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá. "Ẹ́ńjìnì outboard tuntun ni mo rà, mẹkáníìkì ti dè é, àmọ́ tí mo bá fún un níná ó kàn ń ké ni, ọkọ̀ ò lọ." Ẹlòmíì á ní omi ń rọra wọlé látẹ̀yìn. Ẹlòmíì á ní sìtíárìn ò yí dé òpin lápá kan. Gbogbo wọn á wá fi kún un pé mẹkáníìkì ní kò sí nǹkan tó ṣe é, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ má tíì pariwo, ẹ má sì tíì tú ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá ní "kò dáa", òun náà á ní "ó dáa", ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ máa dúró sí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi tépù wọ̀n ọ́n, tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀, tẹ́ ẹ wá ṣí ìwé ìlò ẹ́ńjìnì síbi tó ti sọ bó ṣe yẹ kó wà, ohùn ẹ̀ máa rọlẹ̀. Tépù, fóònù, ìwé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lẹ máa lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ́ńjìnì ńlá tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀tù kàn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mò ń bá wí o. Kékeré tẹ́ ẹ lè fọwọ́ yí ìdè ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ fúnra yín ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, ẹ sáà fi ṣéènì tàbí okùn tó lágbára so ó mọ́ ọkọ̀ torí ìdè yẹn máa ń tú fúnra ẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì bọ́ sómi.

## Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì

Tí wọ́n bá ti dè é fún yín tán, ẹ fo apá yìí.

1. Ẹ wo agbára tí ọkọ̀ lè gbà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan lára tí wọ́n kọ agbára ẹ́ńjìnì tó pọ̀ jù tó lè gbà sí. Ẹ má kọjá ẹ̀. Ẹ béèrè ìwúwo pẹ̀lú, torí ẹ́ńjìnì four-stroke ìsinsìnyí lè wúwo ju two-stroke àtijọ́ lọ kágbára wọn tiẹ̀ dọ́gba, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wá rì ju bó ṣe yẹ lọ.
2. Ẹ wọn gíga ẹ̀yìn ọkọ̀, láti etí òkè ibi tí ẹ́ńjìnì máa jókòó lé dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gan-an, láàárín. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, ìyẹn apá tó nà sísàlẹ̀ sínú omi, máa ń wà ní bí íǹṣì 15, 20, 25 tàbí 30. Tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì ò bá bá gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ mu, kò sí bí mẹkáníìkì ṣe lè mọ̀ ọ́n dè tó tó máa bá a mu.
3. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, irú própẹ́là, bóyá kébù àti hóòsì tuntun ni àbí ti àtijọ́ ló fẹ́ lò, àti pé ẹ máa dán an wò lórí omi kẹ́ ẹ tó san owó tó kù. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ.
4. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀, inú àti ìta, kó tó lu ihò kankan.
5. Ẹ ka ìwé wáráńtì. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fẹ́ kó jẹ́ ẹni táwọn fún láṣẹ ló de ẹ́ńjìnì kó sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá gbé e fún ẹlòmíì torí owó ẹ̀ rọjú, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fi ṣeré.

## Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ilẹ̀ ná

### Gíga ẹ́ńjìnì

Ibí ni wọ́n ti ń ṣìṣe jù, ibí ni mo sì máa pẹ́ sí díẹ̀.

Lókè própẹ́là irin pẹlẹbẹ kan wà tó nà sẹ́yìn. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sílẹ̀ títí irin yẹn á fi wà ní ìbú, kó tẹ̀lé ìlà ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ wá mú pákó gígùn tó tọ́ dáadáa, ẹ fi lé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín, kó yọ sẹ́yìn dé ibi irin yẹn. Fún ọkọ̀ tó ń sáré lórí omi, irin yẹn máa ń wà dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tàbí kó fi nǹkan bí íǹṣì 1 ga jù ú lọ. Ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ìdánwò orí omi ló máa sọ bó ṣe kù.

Tó bá lọ sílẹ̀ jù, omi á máa ta sókè látẹ̀yìn, ọkọ̀ á máa wọ́, epo á sì máa lọ. Tó bá ga jù, própẹ́là á máa fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì á ké, ọkọ̀ ò ní lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá yà, omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára sì lè má wọlé dáadáa mọ́. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnì ń ké àmọ́ ọkọ̀ ò lọ, ibí ni kó kọ́kọ́ wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé wọn kì í sábà ní láti lu ihò tuntun kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ́ńjìnì ńlá ní ihò bíi mélòó kan tó tò léra wọn lára ìdè ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sún un ní ihò kan ó máa gòkè tàbí kó wálẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 3/4. Torí náà tí mẹkáníìkì bá ní ẹ̀yìn ọkọ̀ yín máa bàjẹ́ tóun bá tún un dè, ẹ bi í pé ihò kelòó ló lò, kẹ́ ẹ sì wò ó lójú yín.

Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ọ̀tún àti láti òsì, kó wà láàárín gan-an. Ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀.

### Bọ́ọ̀tù àti ihò

- Mẹ́rin ló yẹ kó wà, irin stainless, tó wọlé látìta tó yọ sínú. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ńlá íǹṣì 1/2 ni wọ́n nípọn. Ìwé ìlò tó bá fẹ́ mẹ́rin, méjì ò tó.
- Ìṣó oníyíyí tí wọ́n dè mọ́ igi láìyọ sí òdìkejì ò ṣeé fọkàn tán.
- Wọ́ṣà ńlá tàbí irin pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ wà nínú, pẹ̀lú nọ́ọ̀tù tí kì í tú. Tí wọ́ṣà bá ti rì sínú fáíbà tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀, tàbí tí fáíbà yí i ká ti là, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ wọ́n ti fún un jù, tàbí igi inú ẹ̀ ti rọ̀.
- Sealant, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń dí ihò kómi má wọlé, gbọ́dọ̀ yí orí bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ká, kẹ́ ẹ rí i pé ó fún jáde. Ti ọkọ̀ ojú omi ni kó jẹ́, kì í ṣe sílíkónì tí wọ́n fi ń dí ilé ìwẹ̀. Omi tó bá gba ihò bọ́ọ̀tù wọlé ló ń jẹ igi ẹ̀yìn ọkọ̀ rà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí yóò fi pẹ́.
- Ihò àtijọ́ tí wọn ò lò mọ́, epoxy, gọ́ọ̀mù tó máa ń gan le, ni kí wọ́n fi dí i dé inú. Sealant tí wọ́n kàn fi bo ojú ẹ̀ ò tó.
- Lára ọkọ̀ alumíníọ̀mù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan ya stainless sọ́tọ̀ kó má fara kan alumíníọ̀mù lásán, pàápàá nínú omi iyọ̀, torí alumíníọ̀mù náà ló máa jẹrà.

Ẹ fi èkù oníke sikirudíráífà gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ kiri níbi bọ́ọ̀tù. Ibi tó le máa dún ketekete, ibi tó bá dún bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí. Ká sòótọ́ ṣá, tí igi yẹn bá ti jẹrà kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ dé, mẹkáníìkì kọ́ ló jẹ ẹ́ rà. Àmọ́ ó yẹ kó sọ fún yín nígbà tó luhò tí igi dúdú tútù ń jáde, kò yẹ kó dákẹ́ kó de ẹ́ńjìnì lé e.

### Wáyà àti bátìrì

Wáyà bátìrì ẹ́ńjìnì lọ tààrà sí bátìrì, tàbí sí suwíìṣì bátìrì, kó má gba ara nǹkan míì. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mì. Nọ́ọ̀tù alápá tí wọ́n ń fọwọ́ yí ò dáa níbẹ̀, ó máa ń tú, iná á máa já kó sì máa padà wá, ẹ̀yin á sì máa rò pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ló bàjẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti fọwọ́ lọ́ wáyà pọ̀ tí wọ́n fi tépù dúdú yí, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wáyà tó bá tínrín tàbí tó gùn ju bí ìwé ìlò ṣe sọ lọ, ẹ́ńjìnì á máa pẹ́ kó tó ṣáná. Bátìrì fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní dídè.

Ẹ wá gbé ẹ́ńjìnì sókè dópin, ẹ yí i sọ́tùn-ún dópin, ẹ yí i sósì dópin. Kébù, wáyà àti hóòsì kankan ò gbọ́dọ̀ le tan-an, kò sì gbọ́dọ̀ há. Orí ẹ́ńjìnì ò gbọ́dọ̀ gbá ọkọ̀.

### Epo, sìtíárìn, própẹ́là

Ẹ tẹ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa epo, ó gbọ́dọ̀ le lọ́wọ́ yín, ọfà ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnì. Fíltà tó ń ya omi kúrò nínú epo dáa kó wà. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn epo tàbí tẹ́ ẹ rí i tó ń kán, ẹ má ṣáná rárá. Hóòsì tó bá tínrín ju tinú ìwé ìlò lọ, ẹ́ńjìnì máa ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà tẹ́ ẹ bá fún un níná gan-an.

Ẹ ṣọ́ nọ́ọ̀tù irin tó so sìtíárìn mọ́ ẹ́ńjìnì, irú tí kì í tú ni kó jẹ́. Tó bá jẹ́ sìtíárìn olóìlì, tó sì ń rọ̀ lọ́wọ́ yín kó tó di ẹ́ńjìnì mú, afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀. Ní ti própẹ́là, ẹ yọ okùn kill switch (okùn tó ń pa ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ bá fà á yọ) kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Wọ́ṣà ńlá tó wà níwájú ẹ̀ àti píìnì tó ń ti nọ́ọ̀tù pa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

## Ìdánwò orí omi

Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú yín. Tó bá ní ọwọ́ òun dí, ẹ sún ọjọ́ síwájú, owó tó kù náà á dúró dè é.

1. Ẹ fa ìwọ̀n óìlì yọ kẹ́ ẹ wò ó fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì four-stroke tuntun kì í ní óìlì nínú nígbà tó bá ti iléeṣẹ́ wá.
2. Ẹ ṣáná nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì bá ti wà nínú omi. Omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń tọ̀. Tí kò bá jáde kíákíá, ẹ pa á.
3. Ẹ pa á, ẹ ki jíà bọ̀ ọ́, ẹ gbìyànjú láti ṣáná. Kò gbọ́dọ̀ dá yín lóhùn àfi tó bá wà ní níútírà.
4. Ẹ ṣáná, ẹ fa okùn kill switch yọ. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá kú, ìdánwò parí nìyẹn, ẹ padà sí èbúté.
5. Ẹ ki jíà síwájú, ẹ ki í sẹ́yìn, láìfún un níná. Kó dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, kò burú. Tó bá ń lọ eyín mọ́ra, kébù jíà ò tíì wà níbi tó yẹ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ní á ṣe dáadáa tó bá yá, torí ó máa jẹ eyín jíà tán ni.
6. Ẹ rọra lọ, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì wo ibi bọ́ọ̀tù nínú ọkọ̀.
7. Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ yà sósì, kẹ́ ẹ fetí sí ẹ́ńjìnì.
8. Ẹ fún un níná dópin fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, pẹ̀lú iye èèyàn àti ẹrù tẹ́ ẹ máa ń gbé, ẹ ya fọ́tò RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé ìlò máa sọ ibi tó yẹ kó wà, bíi 5,000 sí 6,000 fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì.

Ẹ ṣọ́ra o: ẹ́ńjìnì tuntun ní wákàtí tí wọ́n fi ń tọ́ ọ kẹ́ ẹ tó lè fún un níná dópin. Ẹ ka ìwé ìlò kẹ́ ẹ tó ṣe nọ́ńbà 8, tí kò bá tíì tó àsìkò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé ẹ máa padà wá ṣe é, kí mẹkáníìkì fọwọ́ sí i.

Tí RPM bá kọjá nọ́ńbà òkè tí ìwé ìlò sọ, própẹ́là kéré jù tàbí ẹ́ńjìnì ga jù. Tí kò bá dé nọ́ńbà ìsàlẹ̀, própẹ́là tóbi jù tàbí ẹ́ńjìnì ti lọ sílẹ̀ jù, bí kì í bá ṣe pé epo ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fi íǹṣì 1 yí pitch própẹ́là (bó ṣe yẹ kó sún síwájú tó tó bá yí lẹ́ẹ̀kan) padà, RPM máa ń yí bíi 150 sí 200. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mẹkáníìkì tí ò fẹ́ gbé ẹ́ńjìnì sókè á sọ fún yín pé própẹ́là ni, kẹ́ ẹ lọ ra òmíì. Gíga lẹ kọ́kọ́ ń tún ṣe, própẹ́là ló tẹ̀ lé e.

## Ẹ ti rí àléébù. Kí ló kàn?

1. Ẹ pín in sí méjì. Epo tó ń jò, sìtíárìn tó há, bọ́ọ̀tù tó ń mì, kill switch tí ò ṣiṣẹ́: ọkọ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò ní èbúté mọ́. Àwọn yòókù lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan.
2. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú tépù nínú ẹ̀. Fọ́tò tí ò ní tépù nínú ò ran yín lọ́wọ́. Ohun tó bá ń dún tàbí tó ń jò, fídíò.
3. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ lè sọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ kó má dà bíi pé ìjà lẹ bá wá, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Lórí ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ dè fún mi: (1) irin òkè própẹ́là fi íǹṣì méjì ààbọ̀ wà nísàlẹ̀ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, fọ́tò wà níbí, ojú ewé tó sọ ọ́ nínú ìwé ìlò náà wà níbí. (2) Kò sí sealant lórí bọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ apá òsì, omi ń gbabẹ̀ wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ gbé ẹ́ńjìnì sí ibi tó yẹ, kẹ́ ẹ tú bọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ fi sealant tuntun sí i, ká sì jọ dán an wò lórí omi. Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lè ṣe é fún mi."

Ẹ kíyè sí i, ohun tẹ́ ẹ rí, ohun tí ìwé sọ, ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ yọ "ẹ ti bà mí lọ́kọ̀ jẹ́" kúrò níbẹ̀, bó tiẹ̀ ń dùn yín.

4. Ẹ fún un láyè láti tún un ṣe. Níbi tó pọ̀, òfin àti wáráńtì máa ń retí pé ẹ fún ẹni tó ṣiṣẹ́ láǹfààní kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ dá ọjọ́ tó ṣeé ṣe.
5. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ń tún un ṣe. Tẹ́ ò bá lè wà níbẹ̀, kó ya fọ́tò bọ́ọ̀tù nígbà tó tú u àti nígbà tó fi sealant sí i. Ẹ má gbà kó kàn fi sealant bo orí bọ́ọ̀tù látìta, omi á ṣì wọlé.
6. Ẹ tún ìdánwò orí omi ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

## Àwọn àwáwí tẹ́ ẹ máa gbọ́

"Gbogbo ọkọ̀ ló ń jò díẹ̀." Kì í ṣe níbi bọ́ọ̀tù tí wọ́n dè lánàá.

"Ẹ́ńjìnì tuntun ni, ó máa rọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, inú ẹ́ńjìnì máa ń rọ̀. Gíga ẹ̀ kì í rọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n wà." Ẹ fún òun náà ní sìtíárìn, kẹ́ ẹ máa ya fídíò.

"Bí mo ṣe ń ṣe é láti ogún ọdún nìyí." Ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kẹ́ ẹ wá ṣí ìwé ìlò fún un.

## Ẹ má ṣe àwọn nǹkan yìí

- Ẹ má fi sípánà fún bọ́ọ̀tù le fúnra yín kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ó máa ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa lè sọ pé irọ́ ni.
- Ẹ má ṣáná ẹ́ńjìnì láìsí omi torí ẹ fẹ́ fi ariwo ẹ̀ han ẹnì kan. Rọ́bà tó ń fa omi nínú ẹ̀ á jóná kíákíá.
- Ẹ má pa suwíìṣì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó lè jó ibi tó ń fún bátìrì níná.
- Ẹ má sọ pé ẹ ò ní san kọ́bọ̀ kan nígbà tó jẹ́ nǹkan kékeré ló kù. Ẹ di iye tó tó àtúnṣe mú, ẹ san ìyókù, kẹ́ ẹ kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀.

## Tó bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí iléeṣẹ́ ẹ́ńjìnì fún láṣẹ, àbí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kó yẹ̀ ẹ́ wò láìtú nǹkan kan, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ pẹ̀lú iye tó máa ná yín láti tún un ṣe. Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ rò fún un tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí i fúnra ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ni ohùn ẹ̀ ti máa ń yí padà. Tí kò bá yí padà, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnì pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, tó bá jẹ́ ẹni tiwọn ni. Tó bá jẹ́ káàdì lẹ fi sanwó, ẹ bi báǹkì yín bóyá wọ́n lè gba owó yẹn padà. Ó ku àjọ tó ń gbèjà oníbàárà níbi tẹ́ ẹ wà, àti kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, níbi tí fọ́tò àti tépù yín ti máa wúlò jù.

Nígbà míì sì rèé, ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Tí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín bá ní gíga tí kò bá ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì kankan mu, irin jack plate tí wọ́n ń fi sáàárín ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnì lè gbé e sókè sódò bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, àmọ́ ó máa ti ìwúwo ẹ́ńjìnì sẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọkọ̀ lè gbà á. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì ló kúrú jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun.

Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ lórí omi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sípánà oníwọ̀n tún bọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, torí sealant máa ń fún jáde, bọ́ọ̀tù á sì dẹ̀ díẹ̀. Sáfíìsì àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń bọ́ sí wákàtí 20, àwọn kan ní tiwọn lọ́tọ̀, ó wà nínú ìwé ìlò. Ẹ gba rìsíìtì ẹ̀.